Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí A Ṣe Ń Gba Dígí Iná Àfikún Lọ́wọ́ Òkúta

Láti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn ni lẹ́tà ti ń dé lórí iná àfikún ọkọ̀ asáré àtijọ́, wọ́n sì ti pọ̀ débi pé a fi gbogbo abala yìí jìn wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tí à ń wí ni àwọn fìtílà ńlá méjì tàbí mẹ́rin tí a ń dè síwájú bọ́ńpà, tí wọ́n ń tàn pẹ̀lú iná gíga kí awakọ̀ lè rí ọ̀nà jíjìn lóru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ọdún 50, dígí tuntun fún òmíràn kò sì rọrùn láti rí mọ́, nítorí náà òkúta tí kò tó èékánná lè sọ wọ́n di ohun tí à ń wá káàkiri.

Ìbéèrè: Mo ní MGB ọdún 1967 kan, mo sì de iná àfikún Lucas méjì mọ́ iwájú rẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti ìrìn àjò kan, òkúta ta láti abẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú mi, ó sì yọ èérún kan kúrò lára dígí iná ọwọ́ òsì. Mo ti rí àwọ̀n onírin, mo ti rí ìbòrí ike tó mọ́ gaara, wọ́n sì sọ fún mi pé awọ kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ dígí. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí n tó mú ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ìgbà tí ẹ ń tan iná wọ̀nyẹn gan-an. Bí ẹ bá dà bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀sán ni ẹ ń gbé e jáde jù, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára, iná àfikún yín kì í sì í ṣe iṣẹ́ kankan ní gbogbo àkókò náà ju pé kó dúró síwájú kó máa gba òkò lọ. Iná tí kò tàn kò nílò ohun tó mọ́ gaara lójú. Ìbòrí tó dí pátápátá ló yẹ ẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ike líle ṣe, tí ó máa ń bá iná wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn ka orí ológbò dúdú tó jẹ́ àmì Marchal, ilé iṣẹ́ Faransé kan tó ṣe iná ọkọ̀, sí, àmọ́ ike tí wọ́n yà á sí lójú yẹn ló ń gba òkúta ní ọ̀sán. Ohun kẹrin tí kò sí nínú lẹ́tà yín nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rà. Alẹ́ nìkan ni a ti ń fi ìríran díẹ̀ ra ààbò, ibẹ̀ sì ni àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ ti wúlò.

Àwọ̀n onírin ló ti pẹ́ jù nínú wọn, ó sì bá ojú ọkọ̀ àtijọ́ mu ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí wáyà rẹ̀ bá nípọn ní mìlímítà 1.5, tí ó sì jẹ́ mìlímítà 15 láti àárín wáyà kan dé àárín èkejì, ojú ihò kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mìlímítà 13.5, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá á sì ṣẹ́ kù sí bí ìdá 81 nínú 100. Ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ bẹ́ẹ̀, òkúta tó kéré sí mìlímítà 13 ṣì ń gba inú ihò kọjá bí ẹni ń wọlé bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀, tí ó mú àwọ̀n tí wáyà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1, tí àárín wáyà sí àárín wáyà sì jẹ́ 6, yóò pàdánù bí ìdá 30 nínú 100 lára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Òkúta ńlá ni àwọ̀n wà fún, èyí tó lè fọ́ dígí yángá, kì í ṣe èyí tó ń yọ èérún. Ohun mìíràn tí mo máa ń rí ni àwọ̀n tí wọ́n dè tó fi ń kan dígí. Bí òkúta bá lu irú wáyà bẹ́ẹ̀, dígí náà ni wáyà yóò lù. Ẹ jẹ́ kí àyè ìka kan wà láàárín wọn.

Ìbòrí tó mọ́ gaara máa ń wá ní oríṣi méjì, wọn kò sì jọ ara wọn rárá bí wọ́n tilẹ̀ rí bákan náà lórí tábìlì. Acrylic máa ń dán ju ìkejì lọ, kì í sì í tètè ní ìlà, ṣùgbọ́n bí òkúta bá bà á dáadáa, yóò sán. Polycarbonate kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Yóò tẹ̀, yóò sì tún padà sí ipò rẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé aṣọ tó ní iyẹ̀pẹ̀ lára lásán ti tó láti fá a, oòrùn máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú tí wọn kò bá kun ohun ìdáàbòbò sí i lójú, epo bẹntiróòlù àti tínà sì máa ń jẹ ẹ́. Omi ọṣẹ nìkan ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí pé ojú méjèèjì ike náà ló ń dá díẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ooru àti omi lè ráyè jáde.

Awọ tí a ń lẹ̀, èyí tí wọ́n fi polyurethane ṣe, ni n ó mú fún yín. Ó rọ̀ bíi rọ́bà, nítorí náà ó máa ń gba ìkọlù òkúta sára rẹ̀ kí ó tó dé dígí, àti nítorí pé afẹ́fẹ́ kò sí láàárín òun àti dígí, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà kò tó nǹkan. Kò ní í gba dígí yín lọ́wọ́ òkúta tó tó ẹyin, àmọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àwọn kéékèèké tó dà bí èyí tó ṣe yín ní ọṣẹ́ ló pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò gba owó kankan. Táyà ọkọ̀ yín kò lè ju òkúta sí iná iwájú yín. Ọkọ̀ tó wà níwájú àti èyí tó ń bọ̀ lápá kejì ni wọ́n ń jù ú. Òkúta tó fò sókè ní mítà 2 yóò ti padà sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá 1.5 tó pé, nítorí náà bí ẹ bá jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá 3 wà láàárín yín àti ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀pọ̀ òkúta rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Agbára ìkọlù náà kì í sì í bá eré lọ ní dọ́gbadọ́gba: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá 120 kìlómítà ní wákàtí kan ń pàdé òkúta pẹ̀lú agbára ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ tó ń sá 60. Bí kò bá sì sí rọ́bà ìdábọ̀ lẹ́yìn táyà yín, ẹ wá nǹkan ṣe sí i, nítorí òkò tí a sọ sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́wàá bá tò tẹ̀ lé ara wọn lọ síbi àríyá.

Ìbéèrè: Ìbòrí ike dúdú ni mo ń lò. Ṣé ó léwu bí mo bá tan iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìṣí i?

Ìdáhùn: Ó léwu púpọ̀. Gílóòbù halogen oníwáàtì 55 kò sọ ju díẹ̀ nínú agbára rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀. Ooru ni gbogbo ìyókù, ìmọ́lẹ̀ tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde náà yóò di ooru lẹ́yìn ìbòrí. Èmi fúnra mi ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ìbòrí iná ọwọ́ ọ̀tún, ẹnì kan pè mí, mo dá a lóhùn, mo sì wọ ọkọ̀ lọ láìrántí ti òsì. Ìgbà tí mo fa iná gíga ni mo kàn rí i pé apá òsì ọ̀nà ṣókùnkùn, mo sì rò pé gílóòbù ló jó. Òórùn ike ló mú mi dúró. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀, àárín ìbòrí náà ti rọ̀, ó ti rì sẹ́yìn, ó sì ti lẹ̀ mọ́ dígí ní ibi tó tó ojú owó ẹyọ. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko bó o kúrò pẹ̀lú omi gbígbóná àti èékánná, nítorí mi ò jẹ́ fi ọ̀bẹ kan dígí yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá ọgbọ́n kan tí n kò tíì rí ìdí láti yí padà. Bí mo bá ti fi ìbòrí bo iná, mo máa ń yọ fíùsì tó ń gbé iná wá fún àwọn iná àfikún, mo sì máa ń fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìbòrí kan. Ẹni tó bá fẹ́ tan iná gbọ́dọ̀ wá fíùsì, bó bá sì wá fíùsì, inú ìbòrí ni yóò ti bá a. Bí iná yín bá ní ju fíùsì kan lọ, ìbòrí kọ̀ọ̀kan ni kó gbé tirẹ̀.

Kí ẹ tó tún bò wọ́n, ẹ nu dígí àti inú ìbòrí. Iyẹ̀pẹ̀ tó há sáàárín wọn máa ń fi gbígbọ̀n ọkọ̀ lọ dígí bí ọlọ, ìlà tí ó ń fà sì máa ń yípo létí ibi tí ìbòrí ti fara kàn án.

Ìbéèrè: Oníná ọkọ̀ mi ní ooru gílóòbù yóò yọ́ awọ tí mo bá lẹ̀ mọ́ dígí iná. Cibié Oscar ni iná mi. Ṣé òótọ́ ni, báwo ni mo sì ṣe lè lẹ̀ ẹ́ fúnra mi?

Ìdáhùn: Ó sọ òótọ́ díẹ̀. Bí gílóòbù yín bá jẹ́ wáàtì 55, tí dígí iná náà sì fẹ̀ bíi ti Oscar, afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ lù ú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ yóò mú un tutù tó. Ibi tí ìṣòro wà ni ọkọ̀ tó dúró sójú kan pẹ̀lú iná gíga ní títàn, bóyá nítorí pé ẹni kan ń ya fọ́tò rẹ̀, àti gílóòbù oníwáàtì 100 tí àwọn kan ń fi sínú iná tí kò tóbi. Fún irú àwọn wọ̀nyí, n kò gbà yín níyànjú láti lẹ awọ. Ẹ lo àwọ̀n. Ẹ wo ìwé tó bá awọ náà wá kí ẹ lè mọ ìwọ̀n ooru tí wọ́n ní kó gbà.

Ẹ má ra awọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ara ọkọ̀, èyí tí kì í nípọn ju nǹkan bí mìlímítà 0.2 lọ. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn sì súnmọ́ mìlímítà 1. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka pa ojú dígí náà. Ìlà-ìlà tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń wà nínú, tí ìta sì ń jọ̀lọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìta ni ìlà wà lára ti yín, awọ kò ní í lẹ̀ dáadáa, kí ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú.

Ẹ fi bébà wọn ojú dígí, kí ẹ gé awọ kó fi mìlímítà 2 tàbí 3 kéré sí i yíká, kó má baà kan etí irin. Etí tó bá kan irin ni omi ti ń wọlé, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ fọ dígí pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ fi spírítì nù ún, kí ẹ sì fọ́n omi tí ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí sára dígí àti ojú tó ní gọ́ọ̀mù lára awọ náà. Omi ọṣẹ yìí ló ń jẹ́ kó ṣeé sún kiri títí yóò fi jókòó síbi tó yẹ. Láti àárín ni kí ẹ ti máa fi ike pẹlẹbẹ ti omi jáde lọ sí etí. Dígí tó bá yọ ikùn yóò mú kí awọ ká létí. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun ni kí ẹ fi yá a díẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ dì í mú títí yóò fi tutù. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ omi kéékèèké tó kù lábẹ́ rẹ̀ yóò gbẹ fúnra wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má tan iná náà, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà sínú òjò kí ọjọ́ méjì tó pé.

Bí awọ náà bá ti ní àpá púpọ̀, ẹ tún fi ooru yá a, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ ní ìdúbúlẹ̀, kì í ṣe kí ẹ já a síwájú. Inú mi máa ń dùn láti ka àpá tó wà lára awọ ògbólógbòó, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ìbá ti wà lára dígí.

Ìbéèrè: Ṣé bí mo bá gbé iná náà wọ ẹ̀yìn géètì iwájú ọkọ̀, òkúta kò ní í bà á mọ́?

Ìdáhùn: Yóò dín kù, ṣùgbọ́n iwájú rédíétọ̀ ni ẹ ń gbé e sí yẹn, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní ju afẹ́fẹ́ ọ̀nà lọ láti mú un tutù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Irin géètì náà yóò tún máa já ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ fi í sórí bọ́ńpà. Èyí tó wà lábẹ́ bọ́ńpà ló ń gba òkúta jù.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gbé Triumph TR4 mi lọ síbi ìdíje àwọn ọkọ̀ àtijọ́, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́. Mo rí i nínú fọ́tò àtijọ́ pé wọ́n ń fi téèpù ṣe àmì àgbélébùú sójú iná. Ṣé ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Téèpù yẹn kò gba dígí lọ́wọ́ òkúta rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí dígí bá fọ́, kó di àfọ́kù mú kó má baà fọ́n sójú ọ̀nà eré kó sì gún táyà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Fún ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, àwọ̀n ni kí ẹ lò, kí ẹ sì lẹ awọ sí dígí lábẹ́ rẹ̀; ibẹ̀ nìkan ni mo ti máa ń sọ pé kí èèyàn lo méjèèjì pọ̀. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ ẹsẹ̀ iná àti ti àwọ̀n, nítorí ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ń tú nọ́ọ̀tì, àwọ̀n tó bá sì tú yóò di òkò fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdíje náà kí ẹ tó lẹ ohunkóhun mọ́ iná, kí ẹ sì mú èsì wọn dání lọ síbi àyẹ̀wò ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbi ìdíje. Níbi ìdíje ọkọ̀ ti Monte Carlo lọ́dún 1966, ọkọ̀ Mini mẹ́ta tí Timo Mäkinen, Rauno Aaltonen àti Paddy Hopkirk wa ló ṣíwájú gbogbo ọkọ̀ dé òpin, àmọ́ wọ́n yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nítorí pé gílóòbù iná iwájú wọn kò ní ojú tí a fi ń rẹ iná sílẹ̀, àwọn aláṣẹ sì ní bí wọ́n ṣe ń rẹ iná kò bá òfin mu. Citroën tí Pauli Toivonen wa ni wọ́n gbé ipò kìíní fún. Títí dòní ni àwọn olólùfẹ́ Mini ṣì ń bínú sí i, n kò sì rò pé wọ́n jẹ̀bi.

Ìbéèrè: Ó ti bọ́ sórí fún èmi o. Òkúta ti dá ihò kékeré sí dígí iná mi, ìlà tín-ín-rín kan sì ti ń jáde lára rẹ̀. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ìlà náà ti dé inú. Bí kò bá tíì dé inú, oje tí wọ́n fi ń dí ihò ara dígí iwájú ọkọ̀, èyí tí ìtànṣán oòrùn ń sọ di líle, yóò dí i, yóò sì dá ìlà náà dúró. Àpá rẹ̀ kò ní í parẹ́ pátápátá, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kò ní í fọ́n káàkiri bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà, ẹ fi ọ̀dà èékánná tí kò láwọ̀ kùn ún fún ìgbà díẹ̀ kí omi má baà wọlé.

Bí ìlà náà bá ti la dígí já, omi ti ń wọlé nìyẹn, àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù ni yóò sì kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ tètè tú u. Ẹ má fi aṣọ nu àwo náà, nítorí pé ohun dídán ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé yóò bá aṣọ lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kan ojú gílóòbù halogen, torí ọ̀rá ìka máa ń jó mọ́ ọn, a sì dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Nínú àwọn iná kan, ìdè wáyà ló di dígí mú mọ́ rọ́bà, dígí nìkan lẹ lè pààrọ̀. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n ti lẹ dígí pọ̀ mọ́ àwo, odindi rẹ̀ ni ẹ ó wá.

Kí ẹ tó da àfọ́kù nù, ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára sílẹ̀: nọ́ńbà irú iná náà àti, bó bá wà, lẹ́tà E tó wà nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń sọ orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i, 1 fún Jámánì, 2 fún Faransé, 3 fún Ítálì, 11 fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí dígí wọn má ṣe pààrọ̀ ara wọn, nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó sì fi hàn ẹni tó bá ní òun ní irú rẹ̀ ní ìpamọ́.